Àwọn Aṣòfin tí A Kò Sìn Dé Ọ̀nà

Bí ẹ bá dé Ìdí-Ọsàn, abúlé wa tó wà lẹ́yìn Lagbé, tí ẹ ń béèrè Hàfísátù, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ máa wò yín. Hàfísátù wo nìyẹn? Ẹ yáa béèrè Ìyá Àlejò. Kí ẹ tó wí tán, wọ́n á ti mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, omi tútù á sì ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó rántí ohun tí ẹ bá wá.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé tiwa. Abẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń ránṣọ ni mo ti ń rí àgbàlá rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ó ṣojú mi kòró ni. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí inú ń bí mi níbì kan, ẹ forí jì mí. Inú mi máa ń tètè bí, ọjọ́ orí kò sì tíì wò ó sàn.

Gààrí ni iṣẹ́ Hàfísátù. Ó ń yan án lẹ́yìnkùlé, ó ń gbé e lọ sí ọjà Ìgólò lẹ́nu ibodè, àwọn ará òdìkejì a sì máa dúró dè é torí pé gààrí rẹ̀ kì í ní iyanrìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gààrí ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí àlejò tó wọ abúlé wa, ìbáà ṣe ìyàwó tuntun, ìbáà ṣe àwọn tó ń wá ka èèyàn fún ìjọba, tí wọn kì í mú lọ sí àgbàlá rẹ̀. Kí ó tó kírun ìdájí ló ti ń gbálẹ̀. Á gbá tiẹ̀, á gbá iwájú ilé mi mọ́ ọn, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìgbálẹ̀ yẹn ló fi ń bú mi.

Yàrá kan wà nílé náà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Ibùsùn ìrókò kan ló wà níbẹ̀, tí Ràsákì ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nígbà tó ṣì ń ṣe káfíńtà, kí àrùn ẹ̀gbà tó mú un lápá kan, tó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lábẹ́ ibùsùn náà ni abọ́ ìwẹ̀ ńlá kan wà, pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, àti òrí tí ìyá náà máa ń pààrọ̀ bó bá ti gbó. Sàdátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá sí fún wọn, ni wọ́n ń tọ́jú yàrá náà dè.

Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé ilé ìyá ni aboyún wa ń wá bímọ sí. Ìyá ìyá ọmọ ló sì ń wẹ ọmọ. Á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, á fi òrí pa á lára, á sì jù ú sókè díẹ̀ kí ó má baà ya ojo. Ìyá tí kò bá wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ dà bí ẹni tó se ọbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó tọ́ ọ wò.

Sàdátù wá sílé bímọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ilé ìgbẹ̀bí wa ti wà nígbà náà, ilé funfun tó dára ni, ìjọba ló kọ́ ọ. Wọ́n tilẹ̀ fi agbẹ̀bí kan síbẹ̀ rí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibòmíràn láì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìrọbí mú Sàdátù, àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. A gbé e sórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn Ifangni, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Ojú ọ̀nà ló bí ọmọ náà sí, lẹ́bàá oko ọ̀pẹ kan. Ọmọkùnrin ni. Kò ké.

Àbdùlàzéèzì, ọkọ Sàdátù, wá láti Parakou wá mú ìyàwó rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń tún ẹ̀rọ mọ́tò ṣe lọ́hùn-ún. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mais ìyàwó mi kò ní bímọ níbí mọ́, àfi bí sage-femme, agbẹ̀bí gidi, bá dé.” Hàfísátù ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni ì bá tún wí?

Láti ọjọ́ náà, Sàdátù wà ní Parakou, ìyá wà ní Ìdí-Ọsàn, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì gùn ju ohun tí ìyá lè rìn lọ, nítorí ta ni yóò gbé Ràsákì dìde, ta ni yóò fún un lóúnjẹ? Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń bi ọmọ rẹ̀ ohun tó jẹ, ibi tó ń dùn ún, bóyá òjò rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, á wọ yàrá yẹn lọ, á gbọn aṣọ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, á tún un tẹ́. Àárò ọmọ ń sọ ọ́ débi pé mo máa ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi pariwo kí n má baà gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Sàdátù tún lóyún, ìyá rẹ̀ kò fò sókè. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé o rò pé wọ́n á rán agbẹ̀bí wá kó tó tó àkókò?” Mo ní kí Ọlọ́run ṣe é. Oyún náà ń dàgbà, àgádágodo náà ń dógùn-ún.

Ibi tí a wà nìyí tí ìròyìn fi dé pé àwọn aṣòfin ń bọ̀.

Iṣẹ́ aṣòfin kì í ṣe òfin nìkan. Àwọn tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́ yẹn ló ní ẹ̀tọ́ láti di ìjọba mú pé, ẹ̀yin tí a fọwọ́ sí owó ìlera fún, kí lẹ fi ṣe? Agbẹ̀bí tí ẹ ní ẹ ó rán, ibo ló wà? Wọ́n ti yan àwọn díẹ̀ láàárín ara wọn kí wọ́n máa rìn káàkiri, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí àwọn ilé ìwòsàn abúlé, kí wọ́n wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí. Ẹ ò rí i pé ohun tí Hàfísátù ń fi ojoojúmọ́ bẹ Ọlọ́run ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ wá sílé.

Honoré, délégé tó jẹ́ olórí abúlé wa, pe ìpàdé sábẹ́ igi ọsàn. Aṣọ funfun ló wọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti dé.

“Bon,” ó ní. “Àwọn dépité ń bọ̀ wá wo matẹníté wa. Ta ló fẹ́ kí wọ́n bá wa ní ìhòhò?”

Kò sẹ́ni tó fẹ́. Ó wá ṣàlàyé pé a ó ṣí ilé náà, a ó fọ̀ ọ́, a ó kó ibùsùn àti ìjókòó síbẹ̀. Véronique, ọmọbìnrin tó máa ń wá láti Daagbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá gún àwọn ọmọ wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò wọ aṣọ funfun, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Faridatou, aboyún kan tó ní ẹnu bí abẹ, dìde. “Mais, Délégé, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bó ṣe rí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe rí!”

“A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,” ni Honoré wí, gbogbo àwọn àgbà sì mi orí. Òwe kì í pẹ́ pa ẹjọ́ lábúlé wa.

Hàfísátù ló wá mú ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀. Ó ní, “Faridatou, ọmọ mi, ohun tí ò ń wí kò burú. Ṣùgbọ́n ṣé bí àlejò bá ti ń wọlé la ti ń ro ẹjọ́ fún un? Ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n bó ṣe yẹ, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi. Tí a bá ń sìn wọ́n lọ, a ó sọ ọ́ fún wọn ní ojú ọ̀nà pé agbẹ̀bí ló kù wá kù.”

Kí ẹ tó fi wá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í ṣe ti inú ilé, níbi tí àlejò ti ń jẹun lọ́wọ́. A máa ń fi í pamọ́ di ìgbà tí a bá ń sin àlejò lọ. A ó bá a rìn, a ó máa sọ ti òjò àti ti oko, tó bá wá ku díẹ̀ ká pín níyà, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ á dá ẹsẹ̀ dúró, àlejò náà á sì dúró. Ibẹ̀ la ti ń tọrọ ìyàwó, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbẹ̀ kì í bọ́ sọnù, nítorí òun ni àlejò ń gbé dé ilé. Gbogbo ìpàdé gbà pé Ìyá Àlejò ti sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ilé ìgbẹ̀bí wa bí ó ti dà! Ìjókòó iléèwé wà níbẹ̀. Ẹnì kan mú aago ògiri wá, ẹnì kan mú garawa tuntun wá, Véronique fúnra rẹ̀ gbé ìwọ̀n ọmọ wá láti Daagbé. Hàfísátù ní kí a wá gbé ibùsùn ìrókò. Ó tẹ́ aṣọ tó ti fi pamọ́ de Sàdátù sórí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dan-in dan-in. Véronique ń ráhùn, ó ní, “Ẹ̀yin màmá, n kì í ṣe sage-femme o. Abẹ́rẹ́ ọmọdé ni mo ń gún.” Honoré ní kí ó sáà dúró, kò sẹ́ni tó ní kó gbẹ̀bí.

Àwọn aṣòfin dé ní ìyálẹ̀ta. Ẹni tó ṣáájú wọn jẹ́ obìnrin ará Kétu kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Ifádùnní, obìnrin gíga tí ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó wo ibùsùn, ó wo ìwọ̀n, ó wo aago. Ó bi Véronique bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, Véronique wo Honoré, ó ní iṣẹ́ ń lọ. Ó bi àwọn aboyún tó jókòó sórí ìjókòó, Faridatou sì wà láàárín wọn, tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa la sì na aṣọ bo ojú ọ̀hún.

A mú wọn lọ sí àgbàlá Hàfísátù. Ó ti gún iyán, ó ti se ẹran ẹyẹ, ó kúnlẹ̀ bu omi fún wọn. Màdáàmù Ifádùnní jẹun dáadáa. Ó wá gbé ojú sókè wo obìnrin tó fún un lóúnjẹ, ó sì bi í tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́, “Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó ń dùn yín níbí?”

Mo wà nítòsí. Mo rí i bí ẹnu Hàfísátù ṣe là. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ àlejò.

“A dúpẹ́, Màdáàmù,” ó ní. “Kò síyọnu. Ẹ jẹun, ẹ ṣì máa jẹun.”

Ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ de ojú ọ̀nà. Ó ti wọ bàtà rẹ̀ tó dára. Honoré náà ti ń wẹ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àfi bí fóònù ṣe dún, tí ẹnì kan nínú wọn sọ pé wọ́n ti ń dúró dè wọ́n ní Ko-Koumolou, ó ti pẹ́. Àwọn mọ́tò wọn sún wá sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá gan-an, wọ́n dìde, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, ilẹ̀kùn mọ́tò pa. Kí Honoré tó sọ pé “Onorábù, ẹ jẹ́ ká sìn yín,” wọ́n ti lọ. Hàfísátù sáré díẹ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó dára, ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn mọ́tò sì rò pé ó ń juwọ́ sí àwọn ni. Wọ́n juwọ́ padà.

Eruku la sìn dé ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, rédíò wá sọ ohun tí àwọn aṣòfin rí. Abẹ́ igi ọsàn la ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń kà á kà á dé ọ̀dọ̀ wa: ní Ìdí-Ọsàn, ilé ìgbẹ̀bí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó mọ́ tónítóní, ibùsùn wà, òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, inú àwọn aboyún sì dùn. Ẹ má bínú sí mi, àwọn kan pàtẹ́wọ́! Orúkọ abúlé wa lórí rédíò! Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn aṣòfin ni inú mi ń bí sí. Wọ́n béèrè, wọ́n wò, wọ́n sì lọ sọ ohun tí a fi hàn wọ́n.

Kí n tó dé abẹ́ àtíbàbà mi, fóònù Hàfísátù ti ń dún lódìkejì ògiri.

“Ìyá mi!” Ohùn Sàdátù ga débi pé mo ń gbọ́ ọ. “Ẹ ò sọ fún mi! A gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní matẹníté ti ń ṣiṣẹ́!”

Ìyá rẹ̀ sún fóònù mọ́ etí.

“Àbdùlàzéèzì ti gbà, Ìyá mi. Ó ní bí àwọn dépité bá ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ẹjọ́ tán. Mo ń bọ̀ wálé. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ ọmọ mi.”

Ohun tí Hàfísátù ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan kò yingin níbẹ̀. Ó ní, “Sàdátù mi.” Ó ní, “Káàbọ̀.” Ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín gààrí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó fọ abọ́ ìwẹ̀, ó sá kànìnkànìn sóòrùn. Ó ń bá Ràsákì sọ̀rọ̀ ṣáá, Ràsákì sì ń fi ojú tẹ̀ lé e. Mo bi í pé, “Ìyá Àlejò, agbẹ̀bí ńkọ́?” Ó ní ṣebí àgbàlá yìí lòun ti bí Sàdátù, ta ni agbẹ̀bí nígbà náà? Ó ní Ọlọ́run kì í nani lẹ́gba lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà. Ó ń wí i, kò wò mí lójú. Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun gbé ibùsùn náà padà wálé. Èmi àti àwọn méjì mìíràn la gbé e jáde. Nígbà tí a gbé e kúrò, ilé ìgbẹ̀bí náà ṣófo pátá, nítorí àwọn oníǹkan ti wá kó nǹkan wọn. Honoré ti ilẹ̀kùn, ó mú àgádágodo láti inú àpò, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Kò pariwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Hàfísátù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa dúró gbagidi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dúró níwájú àgádágodo yẹn.

“Ẹ sọ̀ ọ́,” ó ní.

A ní ilé kò tíì dé. Ó ní ẹ sọ̀ ọ́. A sọ ibùsùn kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó jókòó sórí rẹ̀, obìnrin tí kì í jẹ́ kí àlejò rí ewé kan nílẹ̀, ó jókòó sórí ibùsùn láàárín ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, ó sì tẹ fóònù.

“Sàdátù, má wá.”

Kò ní kí a yẹra. N kò sì mọ ibi tí mo fẹ́ yẹra sí.

“Mo ní má wá. Kò sí agbẹ̀bí níbí. Rárá, rédíò kò purọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Àwa la fi hàn wọ́n. Ibùsùn tí wọ́n rí, tìrẹ ni, tí bàbá rẹ kàn. Orí rẹ̀ ni mo jókòó lé báyìí.”

Ohùn Sàdátù ti kéré nígbà tó dáhùn. “Ìyá mi, ṣé ẹ ò fẹ́ rí mi mọ́ ni?”

“Mo fẹ́ rí ẹ,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ rí ẹ. Bí mo bá ń yan gààrí, ìwọ ni mo ń rò. Bí mo bá kírun tán, ìwọ ni mo ń bi Ọlọ́run léèrè. Nítorí mo fẹ́ rí ẹ ni mo ṣe ní má wá. Bímọ síbẹ̀, níbi tí agbẹ̀bí wà. Ṣé o gbọ́? Dá mi lóhùn pé o ò ní wá.”

Sàdátù dá a lóhùn. Hàfísátù pa fóònù, ó sì fi ìborùn bojú.

Ó dìde, kò lọ sílé, ilé Honoré ló gbà lọ. Ó ní kí ó pe Màdáàmù Ifádùnní. Honoré fọwọ́ lérí, ó ní ṣé ká tún wá sọ fún gbogbo Àjàṣẹ́ pé ẹlẹ́tàn ni wá? Ojú wo la ó fi wò wọ́n? Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì júwe ilé wa?”

“Délégé, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ni Hàfísátù wí. “Èyí tó dákẹ́ nílé tèmi, ẹ̀yin náà bá mi sin ín.”

Síbẹ̀, Honoré kò pe ẹnikẹ́ni.

Véronique ló ràn án lọ́wọ́. Màdáàmù Ifádùnní ti fún un ní nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà sì ti ń wá ẹni tí yóò ní kó lò ó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí Hàfísátù. A rò pé yóò máa tọrọ àforíjì, pé yóò ṣàlàyé títí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́. Èmi lẹ jẹun lọ́dọ̀ mi ní Ìdí-Ọsàn. Ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, n kò dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá. A ò tíì sìn yín dé ọ̀nà.”

Ará Kétu ni Màdáàmù Ifádùnní. Ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ojú ọ̀nà. Ó ní, “Mo gbọ́, Màmá. Mo ń bọ̀.”

Kí ó tó wá ni Sàdátù bímọ. Ní Parakou ni, ní ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí sì wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà tí Àbdùlàzéèzì ti pè pé ìrọbí ti mú un ni Hàfísátù ti gbé omi kaná. N kò bi í ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe. Ó gbé abọ́ ìwẹ̀ síta, ó da omi sí i, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wò ó bóyá ó gbóná jù, ó sì jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí fóònù dún, kò sẹ́ni tó kí i. Ẹkún ọmọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ náà ké, ó ké, ó tún ké, àfi bí ẹni pé ó ń ké ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Hàfísátù sáré gbé fóònù lọ sétí Ràsákì, ọkùnrin tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan gúnmọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá.

“Ó ké,” ni Ràsákì wí.

Omi náà tútù nínú abọ́. Nígbà tó yá, ó tún un gbé kaná, ó sì fi wẹ ọkọ rẹ̀.

Àwọn kan ní Màdáàmù Ifádùnní kò ní wá mọ́. Ó wá. Mọ́tò kan ṣoṣo ló gbé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà abúlé, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Honoré kò mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n Hàfísátù mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo jí tí n kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Mo yọjú lórí ògiri. Ewé wà nílẹ̀ káàkiri àgbàlá, ìgbálẹ̀ sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá Àlejò jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ojú ń tì í, mo rí i pé ojú ń tì í gan-an, ṣùgbọ́n kò dìde.

Nígbà tí àlejò náà dé, ó kí i, kò bu omi fún un. Ó mú un lọ́wọ́, àwa tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Honoré ti sáré dé, ó wo ojú Hàfísátù, ó sì ṣí àgádágodo náà fúnra rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan nínú ilé náà. Aláǹgbá kan sáré lọ sí abẹ́ fèrèsé. Màdáàmù Ifádùnní dúró sáàárín yàrá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ dúró sójú kan.

“Màmá,” ó ní, “mo tún bi yín. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó ń dùn yín níbí?”

Hàfísátù na ọwọ́ sí ilẹ̀ yàrá tó ṣófo náà, ó sì jẹ́ ọwọ́ òsì, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di ọwọ́ àlejò mú.

“Ibí,” ó ní. “Ibí ni ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ìbá ti ké.”

Lẹ́yìn náà ló tó mú un padà sílé, ó kúnlẹ̀, ó sì bu omi fún un.